Ọjà Tí A Ò Rójú Ọlọ́jà

Ní Arbroath létí òkun, báyìí la ṣe ń ra ilé:
wọn á kọ iye kan sára pátákó,
wọn á ní, "Ó lé." Ó lé ní mélòó? Wọn kì í sọ.
Ìwọ á kọ tìrẹ, ẹlòmíràn á kọ tirẹ̀,
lọ́yà á fi ránṣẹ́ kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí "ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un,"
kò sí pé ká ṣe bí ẹni ń lọ kí wọ́n lè pè wá padà.
Mo ti ná ẹja lọ́wọ́ àwọn Swankie,
mo ti ná ọkọ̀ àlòkù ní Dundee títí ẹ̀rín fi pa ọlọ́kọ̀;
ṣùgbọ́n ọjà tí a ò rójú ọlọ́jà,
báwo lèèyàn ṣe ń ná an?

A ní láti ta tiwa ná.
Rhona ránṣẹ́ pe alágbàtà.
Èyí tó kọ́kọ́ dé, bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí,
ó pe ilé ìdáná wa ní ààfin kékeré.
Ẹnu dùn ún ròfọ́.
Ó ní ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún póun, láàárín ọ̀sẹ̀ kan.
Obìnrin tó tẹ̀lé e, Ishbel Dalgarno, kò yìn wá rárá.
Ó fọwọ́ kan ògiri, ó gbọ́ òórùn ìka rẹ̀:
"Ọ̀rinrin. Ẹ má kùn ún bò, ẹ sì má purọ́ nípa rẹ̀.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún."
Inú bí mi. Ẹni ọgọ́fà ni mo fẹ́.
Rhona ní ẹni tó lè sọ òótọ́ fún wa nínú ilé wa
ló lè sọ òótọ́ nípa wa níta.
Kò wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n kí n tó ti ìdí bọ́ọ̀sì mi dé
ó ti fọwọ́ sí ìwé.

Ilé tí a fẹ́ wà ní Seagate.
Àtẹ̀gùn òkúta rẹ̀, ẹsẹ̀ ti jẹ ẹ́ láàárín;
ìkọ́ àwọ̀n ẹni tó kú síbẹ̀ ṣì wà lára òpó.
Lachlan ti yan yàrá òkè, ó ní òun á máa rí iná ojú òkun.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ a jókòó ti bébà kan.
Lọ́yà ní, "Ẹ má kọ odindi. Gbogbo ayé ló ń kọ odindi."
Ọgọ́jọ ẹgbẹ̀rún: ìfowópamọ́ wa, gbèsè báńkì,
owó tí àbúrò Rhona tó ń wa epo lójú òkun ṣèlérí.
A da ìgò owó ẹyọ sórí tábìlì, a kà á: irinwó ó lé méjìlá.
Rhona fi méje kún un. Ọmọ ọdún méje ni Lachlan.

Aago méjìlá lù, mo páàkì sí Friockheim.
Fóònù dún. Ọkàn mi fò sókè.
Ẹlẹ́sẹ̀ dídán ni:
ìràwọ̀ mélòó ni mo máa fún ìbẹ̀wò òun, nínú márùn-ún?
Mo fún un ní méjì. Bàtà rẹ̀ dára.

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, lọ́yà pè. "Ẹ ṣe ipò kejì."
Wọn kì í sọ iye tí wọ́n fi jù ọ́,
ṣùgbọ́n kí ni ìlú kékeré lè fi pamọ́?
Ní ilé ẹja èéfín ni mo ti gbọ́ ọ:
ọgọ́jọ ẹgbẹ̀rún, pẹ̀lú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gééré.
Odindi!
Póun mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Mo ra bàtà bọ́ọ̀lù fún ọmọ náà lóṣù tó kọjá,
n ò fẹ́ sọ iye tí mo rà á.

Ishbel ti ta tiwa ní iye tó sọ, kò lé, kò dín.
Ọjọ́ méjìdínlógún ló kù ká kó jáde.
Lánàá ó pè: ilé kan wà ní Ponderlaw,
kò tíì gbé pátákó síta,
ó ní ó dára, àfi ẹ̀yìn rẹ̀.
Rhona ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri."