Ẹnà

Fótò Abọ́sẹ̀dé ni mo rí lórí fóònù ọmọ iṣẹ́ kan
ní ṣọ́ọ̀bù Múkáílà, ní Mákun, Ṣágámù.
Abọ́sẹ̀dé lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù,
irun orí rẹ̀ ti re tán, ó ń rẹ́rìn-ín,
èmi tí mo ya fótò náà ló ń rẹ́rìn-ín sí.
Kọ̀ǹpútà ni mo gbé lọ ṣe lọ́jọ́ Ẹtì,
fáànù inú rẹ̀ ló ń kùn bí agbọ́n.
Wọ́n tún fáànù ṣe. Wọ́n kó ilé mi lọ.
Mo délé, mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí fáìlì kan tó dín.
Irú olè wo nìyí, tó ń kó ẹrù lọ
tí ẹrù ò kúrò nílẹ̀?

Ilẹ̀kùn mi ní Ìsarà ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta,
géètì ní àgádágodo,
ajá Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí kì í sì í sùn.
Ṣùgbọ́n lórí tábìlì, lábẹ́ aṣọ ìnura kan,
ni ayé mi nà sí gbalaja:
ìwé ilẹ̀ baba mi lápá Ìpárá,
èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà tí n kò fi ránṣẹ́,
ohùn Abọ́sẹ̀dé, ìṣẹ́jú mẹ́rin, tó ń pe adìẹ wọlé.

Ọnàdípẹ̀ ló là mí lọ́yẹ̀, lórí fóònù, láti Kàdúná.
“Bàbá, àgádágodo kọ́ lọ̀rọ̀ yìí.
Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi ẹnà kọ gbogbo rẹ̀.
Kí wọ́n gbé e, kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n yọ ọpọlọ rẹ̀,
ẹnà ni wọn óò máa wò bí ẹyẹ.”

Ẹnà! Ẹ̀rín pa mí.
Ẹnà ni mo fi fẹ́ ìyá rẹ̀,
nígbà tí àna mi máa ń jókòó sáàárín wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.
*Mogo fẹ́gẹ́ ọ́gọ́*, èmi nìyẹn.
Baba ń mi orí, ó rò pé ìwé là ń kà.

Ẹ̀rọ bi mí lọ́rọ̀ aṣínà.
Wọ́n ní kó gùn, kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí, kó má jẹ́ orúkọ ọmọ.
Mo ronú títí ẹ̀fọn fi jẹ mí lẹ́sẹ̀ tán.
Mo wá fi ohun tí Abọ́sẹ̀dé máa ń sọ sí i
bí mo bá bu omi kún gààrí jù:
èdè Rẹ́mọ pọ́nńbélé, òṣé níwájú rẹ̀.
Báwo lèèyàn ṣe ń tẹ òṣé? Mo tẹ̀ ẹ́ ṣá.
N ò ní í sọ ọ́ fún ọ.

Iná lọ láàárín iṣẹ́. Mo sáré tan jẹnẹrétọ̀,
mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.
Agogo kan òru, ó parí.
Kò sí ohun tó yí padà lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oṣù tó kọjá, mo gbé ẹ̀wà kaná,
mo gbàgbé rẹ̀ títí èéfín fi wá pè mí.
Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá lọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?
Kò sí Múkáílà tó lè tú u. Ọnàdípẹ̀ gan-an kò lè tú u.
Abọ́sẹ̀dé á kú lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo sì pa á.

Mo bá gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, mo kọ ọ́ sínú àpò ìwé méjì.
Ọnàdípẹ̀ àti Ọlátóún ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú,
nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí ìdin ìpáta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán.
Ó dára. Lọ́jọ́ tí n kò bá sí mọ́,
bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ bí ìyá wọn ṣe ń pe adìẹ,
wọn óò jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo,
kí ìkíní sọ tirẹ̀, kí ìkejì sọ tirẹ̀.

Ọnàdípẹ̀ ni mo fún ní gààrí.
Ọlátóún ni mo fún ní òṣé.
Ó jọ ìyá rẹ̀.