Lẹ́yìn Aṣọ Títa

Èmi ni mo ń fẹ́ ẹwìrì dùùrù náà
ní ṣọ́ọ̀ṣì òkè, n'Ípẹru.
Ẹ ò rí mi rí. Ọ̀gá Ṣódípẹ̀ lẹ rí,
ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó tẹ ìjàlọ.

Ìwé gbèsè gbànja baba rẹ̀ ló fi ń kọ orin:
iwájú, "Gárùbá Kánò, àpò méjì kù";
ẹ̀yìn, ìlà márùn-ún, àmì dúdú bí irúgbìn.

"Ọkọ̀ la kọ síwèé, ọkọ́ lẹ̀ ń pè.
Ṣé ọkọ́ ló gbé Nóà la omi já?"
Akọrin rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.
Oṣù mẹ́ta ló fi tún ìlà kan ṣoṣo ṣe.

Ó lọ sí Lọ́ndọ̀nù, ó bọ̀ lọ́dún kẹrin.
Ó ní dùùrù ibẹ̀ tóbi, iná mànàmáná ló ń fẹ́ ẹ,
kò sẹ́ni tó ń mí lẹ́yìn aṣọ títa.
Àṣé ó ń gbọ́ mi.

Níbi ìsìnkú rẹ̀, ọmọdé kan ló tẹ orin náà.
Mo di ọ̀pá mú. Apá ti gbó.
Ní "ọkọ̀", èémí mi já;
ohùn wálẹ̀ ju bó ṣe kọ ọ́ lọ.

Ọkọ̀ ṣì ni.