Àárọ̀ Tí Halake Fi Ẹsẹ̀ Kan Dúró

Ọgọ́ta ọdún ni bàbá àgbà fi ń lóṣòó sídìí wàrà,
etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà màlúù
bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún.
Láàárọ̀ yìí, ó dìde dúró.

Ràkúnmí ga. Ràkúnmí ò mọ̀ wá rí.
Elema tó tà á fún wa ló ń kọ́ ọ:
"Ká ẹsẹ̀ òsì sókè, baba,
fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti orúnkún ọ̀tún,
kí o gbé agbè lé itan."
Halake ti Dubluk,
tó mọ orúkọ ìyá ìyá gbogbo màlúù rẹ̀,
dúró bíi lékèélékèé létí odò tó ti gbẹ.

A ò rẹ́rìn-ín.
Àbúrò mi rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Diimtu, pupa bí erùpẹ̀ Dirre, ló bí Buure;
Buure bí abo kan tí ìwo rẹ̀ wọ́ sílẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó rẹ̀.
Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n.
Òjò gígùn kọ̀, ó ku mọ́kàndínlógún.
Òjò kékeré kọ̀, ó ku mẹ́fà.
Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó kà mọ́.

Wọ́n ní òjò ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá,
ẹni tó bá rí ló ń pa.
Àwa jáde sí gbangba, a ṣí orí sílẹ̀,
kò rí wa.

Àwọn àgbà la ìfun ewúrẹ́ wò:
ìfun ní òjò ń bọ̀.
Fóònù ẹ̀gbọ́n mi náà ní òjò ń bọ̀.
Ọ̀sẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì purọ́.
Bàbá àgbà dárí ji ìfun.
Kò tíì dárí ji fóònù.

Ọkùnrin adójútòfò wá láti Moyale,
ó ní ẹ̀rọ kan ń yí po lójú ọ̀run, ó ń ṣọ́ koríko wa,
ẹ̀rọ náà sì ní ilẹ̀ wa tutù yọ̀yọ̀,
nítorí náà owó ò lè jáde.
Kò parọ́.
Igi ẹ̀gún ló tutù,
èyí tó gba pápá láti ìgbà tí ìjọba ti ní ká má sungbó mọ́,
ewé tí màlúù kì í fẹnu kàn.
Ojú tó jìnnà tó yẹn,
báwo ni yóò ṣe mọ ohun tó ń wọ ọ̀fun?

Ràkúnmí ń jẹ ẹ́.
Ó ń fà á ya, ẹ̀gún àti ewé,
bíi pé oyin ló wà nínú rẹ̀.

Agbè dé ìdajì. Ẹsẹ̀ bàbá àgbà ń gbọ̀n.
Ó tọ́ ọ wò: iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.
"Wàrà ni," ó ní.
Kò sọ pé ó dára.
Ó wá bi Elema láì wẹ̀yìn:
"Kí lorúkọ ìyá rẹ̀?"
Elema họ orí.
"N óò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi."
"Béèrè," ni bàbá àgbà wí,
"ti ìyá ìyá rẹ̀ náà."