Adènà Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn

Kamulodúnù, tí a ń pè ní Kóṣẹ́sítà lónìí, ilẹ̀ Bìrìtéènì

Kí àkùkọ ará ibí tó kọ
ara mi ti dìde, kí n tó mọ̀ pé mo jí.
Ọwọ́ mi ń wá ọ̀pá ìdábùú nínú òkùnkùn,
ti ilẹ̀kùn idẹ tí ogún ọmọ Léfì
máa ń fi èjìká tì láràárọ̀, ní ìhà ìlà-oòrùn.
Ògiri amọ̀ ni mo bá. Omi ń sun lára rẹ̀.

Èmi Ṣẹmáyà nìyí, adènà ọmọ adènà,
mo ń ru bíríkì fún tẹ́mpìlì ọba tó ti kú.
Wọ́n ní obìnrin kan ló kógun wá, tó dáná sun ún,
òun àti gbogbo ẹni tó sá wọ inú rẹ̀.
Ó ṣì wà nínú ilẹ̀ tí a ń gbẹ́:
amọ̀ pupa bí ẹ̀dọ̀, eérú, eyín ẹnìkan.
Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Mo rí ẹwà náà. Èmi ni mo ń rù ú.
Tiwa tó jó ńkọ́?

A jẹ́ márùn-ún nígbà tí a wọ ọkọ̀.
Ẹsénì kan wà láàárín wa, aláṣọ funfun,
kì í jẹ oúnjẹ tí ará rẹ̀ kò súre sí;
ebi pa á kí a tó rí èbúté Gọ́ọ̀lù.
Kò fẹ́ràn Tẹ́mpìlì wa rárá. Ó ní a ti bà á jẹ́,
pé ìṣirò oṣù wa wọ́,
pé ọjọ́ ọlọ́jọ́ la fi ń ṣe ọdún Ọlọ́run.
Mo bínú sí i nígbà náà. Mi ò bínú mọ́.

Dósà jẹ́ Farisí, ó ń fọwọ́ nínú òjò
kó tó bu búrẹ́dì.
Jéṣébéábù jẹ́ Sadusí, ọmọ ìdílé àlùfáà,
àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò mọ ẹ̀rú ọkọ́ rí kó tó débí.
Nílé, wọn kì í kí ara wọn.
Kúbùsù kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń bora níbí.

Òtútù oṣù Tébétì ló mú Jáírì lọ,
Sélótì tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù tán.
Ilẹ̀ dì gbagidi. Àáké la fi gbẹ́ ẹ.
Dósà ní, "Yóò jí lọ́jọ́ ìkẹyìn."
Jéṣébéábù ní, "Níbo ni Mósè kọ ọ́ sí?"
Ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣì wà níta, kòtò kò gùn tó,
àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ìjà tí wọ́n jogún.
Ológun tó ń ṣọ́ wa rẹ́rìn-ín;
kò mọ̀ pé fún ìṣẹ́jú díẹ̀
inú àgbàlá Tẹ́mpìlì ló dúró sí.
Èmi mọ̀. Ariwo rẹ̀ gan-an nìyẹn,
ariwo àwọn tó gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ń dé etí Ẹnìkan.

Lẹ́yìn náà ni Jéṣébéábù,
àlùfáà tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkú àfi ti ẹbí rẹ̀,
sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, ó ká orúnkún ọmọ náà wọlé.
Dósà, tó mọ òfin ju gbogbo wa lọ,
kò sọ nǹkan kan.

Akọ̀wé owó orí dé nígbà tí yìnyín yọ́.
Ààbọ̀ ṣékélì tí a ń san fún ilé Ọlọ́run tẹ́lẹ̀,
ti Júpítà ni báyìí, ní Róòmù.
Ọ̀gá san án, ó yọ ọ́ nínú ọkà wa:
ebi wa la fi ń sin òrìṣà tí a kò mọ̀.

Lánàá wọ́n gbé ilẹ̀kùn tẹ́mpìlì tuntun dé.
Wọ́n bèèrè ẹni tó mọ bí a ti ń gbé ilẹ̀kùn ńlá kọ́.
Dósà wò mí. Jéṣébéábù wo ilẹ̀.
Èjìká mi ń ro mí, ó ti mọ ìwúwo náà.
Mo gbé bíríkì tó kàn.