Ìràwọ̀ Méjì fún Yágáná

Èmi ni mo ń to ojú-ìwé kẹtàdínlógún.
Kì í ṣe èmi ni mo ń kọ ọ́ o.
Káṣìmáwò ló ń jẹ ẹ́, òun náà ló ń kọ ọ́;
èmi kàn ń wá àyè fún un láàrin ìpolówó ilẹ̀ Lugbe
àti àwòrán ẹni tó ti kú lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn.
Àmọ́ àwọn ìràwọ̀ yẹn, ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń jáde:
mo tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan yọ;
mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Maitama di ojú ọ̀run.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yìí, ó ní kí n tẹ méjì.
“Ilé oúnjẹ Yágáná, ní Kubwa, lọ́nà Byazhin.
Ọbẹ̀ ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Tábìlì ń mì.
Wákàtí kan gbáko kí máásà tó dé.”

Mo mọ tábìlì náà.
Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi orúnkún dì í mú
tí mo fi ń jẹ míyán táúṣé.
Mo sì mọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó lọ síbẹ̀:
gáàsì ti tán,
Fálmátà tó ń lọ ìrẹsì ti lọ sin ìyá rẹ̀ ní Damaturu,
Yágáná nìkan ló ń sáré láàrin ìkòkò àti oníbàárà.

Mo ní, “Káṣì, ẹ̀ẹ̀kan péré lo lọ.
Agbẹjọ́ ẹnìkan dá…”
Ó fi ẹ̀rín gé e. “Ṣé ẹjọ́ ni? Oúnjẹ ni.
Tísà kan wà ní Nyanya tó fi oṣù méjì tọ́jú owó
kí ó lè mú ìyàwó rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo.
Ṣé ìgbà mẹ́ta ni yóò padà lọ
kó tó mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ?
Ẹ̀ẹ̀kan ni òun náà ní.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí pé ó tọ̀nà.
Ṣebí èmi ni mo to ìràwọ̀ mẹ́rin fún ibì kan ní Utako,
tí àbúrò mi fi owó ọjọ́-ìbí rẹ̀ lọ síbẹ̀,
tí inú fi run ún fún ọjọ́ mẹ́ta?
Ta ni mo rí bá wí?

Síbẹ̀ náà, kí ni wọ́n fi ń wọn ọbẹ̀?
Aṣọ, a ní ọ̀pá rẹ̀. Gààrí, a ní kóńgò.
Ìdí ata ni wọ́n ti tọ́ Káṣìmáwò dàgbà;
ọbẹ̀ tí kò bá ta á dé etí, omi ló ń pè é.
Yágáná ní tirẹ̀, elégédé tó rọ̀ ni ìyá rẹ̀ fi já a lẹ́nu ọmú.

Ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti apá Kano lálẹ́ ọjọ́ náà.
Mo bojú wòta: eruku ti bo gbogbo òkè,
n kò rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo.
Wọn ò kúkú sá lọ.

Ìka mi wà lórí bọ́tìnì.
Ẹ̀kẹta kò ná mi ní kọ́bọ̀.
N kò tẹ̀ ẹ́.
Bóyá òótọ́ inú ni, bóyá ojo ni, ẹ má bi mí.

Lọ́jọ́ Àìkú mo gba Kubwa lọ.
Tábìlì kò mì mọ́.
Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: ojú-ìwé kẹtàdínlógún,
wọ́n ká a sí mẹ́jọ, wọ́n fi há ẹsẹ̀ rẹ̀.

Yágáná mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́.
Ó fi Haúsá sọ ọ́: “Ọmọ mi kà á fún mi.
Ti tábìlì, ó tọ̀nà.
Ti ọbẹ̀…” Ó pòṣé, ó bu ìkejì sí àwo mi.
“Sọ fún un kó padà wá lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa á.”

Àga mẹ́rin ló ṣófo, tí kì í ṣófo lọ́jọ́ Àìkú.
Mo kà wọ́n; kò sí ohun tí n kì í kà.
Nísàlẹ̀, ìràwọ̀ kan yọrí díẹ̀ nínú bébà náà.
Ìkejì wà lábẹ́ igi.