Gbèsè Bọ́mà

Ọdún tí wọ́n ju àdó olóró sí ilẹ̀ Jàpáànù,
ìròyìn pẹ́ lọ́nà kó tó dé Iléṣà.
Ìwé tó gbé e wá ni wọ́n fi di iyọ̀ fún ìyá mi l'Ẹ́rẹ̀jà.
Èmi ni mo tú u, mo tẹ́ ẹ sórí itan,
mo ka ìlú odidi tó jóná kí ènìyàn tó sín tán,
iyọ̀ ṣì ń dán lára orúkọ rẹ̀.
Ìyá mi ní, "Gbọn ìyókù sínú ìgò, má fiyọ̀ ṣòfò."

Ọdún kejì ni Ọ̀ṣúngbohùn dé,
ọmọ Jégédé aláṣọ, ní Ìjámọ̀.
Lọ́rì tó ń lọ kó kòkó ló gbé e wá láti Òṣogbo.
Bàtà rẹ̀ wà lọ́rùn, ó so okùn wọn pọ̀.
Wọ́n pa adìẹ. Wọ́n bi í léèrè ogun.
Ó ní òjò ni.
Òjò, àti ẹ̀fọn, àti ìbaaka kan tó rì sínú ẹrẹ̀,
tó ń wo òun títí imú rẹ̀ fi wọlẹ̀.
Ó dákẹ́, ó ń fi ìka họ ìsàlẹ̀ àwo.

Wọ́n ti ṣèlérí owó fún un. Ìwé wà, òǹtẹ̀ wà,
orí ọba Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ó kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́
bí ajigbèsè tó rí olówó rẹ̀ lókèèrè.
Akọ̀wé ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bí ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Jégédé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.
"Ogún ọdún ni mo fi ta aṣọ láwìn láti Ọ̀fà dé Ṣàáré.
Ta ló san tèmi nítorí pé mo dúró kí i?
Òṣó là á ló!
Lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ìtìjú yóò fi mú un.
Bí ìtìjú ò bá mú un, ebi á lé e jáde."

Ọjọ́ Ajé, Ọ̀ṣúngbohùn wọ kakí,
ó lóṣòó síwájú ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀.
Ọlọ́pàá lé e. Ó sún ní ẹsẹ̀ bàtà méjì,
ó tún lóṣòó.
Ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ sílé ìwé.
"Kí ni ìwé wí?"
Mo ní Íńdíà ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì,
pé wọ́n sì ti fà á ya sí méjì,
ẹ̀jẹ̀ ń kán létí ibi tó ti ya.
Ó ní, "Ọmọ Íńdíà kan bu tíì fún mi nínú agolo rẹ̀
níjọ́ tí ibà dá mi dùbúlẹ̀.
Apá wo ló bọ́ sí báyìí?"
Ìwé kò sọ.

Ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e
nígbà tí mo ka ti Gólúkóòsì fún un:
àwọn ológun Bọ́mà, ẹgbẹ́ rẹ̀,
mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń lọ bá Gómìnà.
Ìbọn pàdé wọn lójú ọ̀nà.
Mẹ́ta ò délé.
Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.
Orúnkún rẹ̀ ké nígbà tó dìde.
"Òró ni wọ́n wà," ló wí, kì í ṣe sí mi,
ó sì gba ọ̀nà Ìjámọ̀ lọ, bàtà lọ́rùn.

Ẹ má bi mí bóyá wọ́n san án.
Níjọ́ kejì tí mo kọjá, Jégédé fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀,
àádọ́rin ọdún, lórí gìgísẹ̀,
nínú ẹ̀wù tó fi ń gbowó l'Ọ́fà.
"Ka ìyókù."
Mo ní ibẹ̀ ni oníyọ̀ ti fà á ya.
Ó ní, "Lọ wá a wá.
N ò níbi tí mò ń lọ."