Mìlímítà Méjì

Ó gbé wọn dé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ nínú àpò ọ̀dùnkún,
ríìmù mẹ́rin, ẹ̀ka wọn tín-ínrín bí ìka ọmọ tuntun,
wọ́n ń kọ mọ̀nà lójú iná gáréèjì mi ní Kutaisi
bí ẹni pé wọn ò tíì tẹ ẹrẹ̀ rí.
"Àǹtí Eteri," Jaba ní, "Rustavi ni mo ti rà wọ́n.
Gbogbo owó èso àjàrà ọdún yìí ló bá a lọ."
Opel àtijọ́ bàbá rẹ̀ ló fẹ́ fi wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́,
èyí tí adìyẹ ti pa ọmọ sínú rẹ̀ rí.

Mo wo ríìmù, mo wo ọmọ.
Èmi náà ti yin nǹkan rí kí n tó wọ̀n ọ́n.

Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo tú irin àtijọ́ sílẹ̀,
irin dúdú tó dípẹtà, tí ẹnikẹ́ni ò yìn rí,
tó ti gbé òkú, tó gbé ìyàwó, tó gbé àgbàdo, láìráhùn.
Mo gbé tuntun lé e.
Ihò mẹ́rin dojú kọ ihò mẹ́rin.
Bóòtù àkọ́kọ́ wọlé. Èkejì wọlé.
Ẹ̀kẹta ní òun ń bọ̀.
Ẹ̀kẹrin dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àna tó ń bínú.

Mo mú irin ìwọ̀n mi.
Ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọkọ̀ ń béèrè, láti ihò dé ihò tó kọjú sí i.
Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni ríìmù mú wá.
Mìlímítà méjì péré. Hóró àlìkámà nípọn jù ú lọ.
"Ẹ fi òòlù lù ú díẹ̀," ni Jaba wí. "Ó kúkú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀."

Fẹ́rẹ̀ẹ́.
Ọkọ mi Otia mọ ọ̀rọ̀ yẹn í sọ.
Òun ló kọ́ mi bí a ti ń di sípánà mú,
òun náà ló fi òòlù bẹ ríìmù tí kò wọ̀ títí ó fi wọlé.
Ó wọlé. Kò wọ̀.
Lókè Rikoti, ọ̀sán gangan, òjò ò rọ̀,
táyà iwájú ọ̀tún kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀,
ó ń yí lọ ní tirẹ̀ bí ẹni tó níbi tó ń lọ.
Àwọn tó rí i ní ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé tòun ni.
Ọkọ̀ ló gbé ọkọ mi lọ. N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

N kò sọ ọ́ fún Jaba pàápàá.
Mo kàn dá òòlù padà sórí pákó,
mo ní, "Lọ pààrọ̀ wọn, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lójú rẹ."
Ó gbé àpò rẹ̀, kò dágbére.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní ó ti rí ẹlòmíràn; àwọn olóòlù pọ̀ nílùú yìí.
Lọ́jọ́ Sátidé kan, òun nìyí,
pẹ̀lú ríìmù aláwọ̀ eérú, ẹ̀ka márùn-ún gbọ̀ngbọ̀n, kò sí mọ̀nà kankan.
Ọ̀kan ní àpá lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tó ti gba òkúta rí.
Mo fi ìka tọ àpá náà, mo tan iná wẹ̀yìn rẹ̀: kò là.
Mo fi sípánà kàn án: ó dún gooro.
Ọgọ́rùn-ún pé.
Ihò àárín nìkan ló tóbi díẹ̀; mo ki òrùka ike sí i,
nítorí ríìmù tí kò mọ àárín ara rẹ̀
á máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀ bí eré bá di àádọ́rùn-ún.
Ìka lásán ni bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi wọlé.

Jaba yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta.
"Wọn ò rẹwà tó ti àkọ́kọ́."
"Rárá," mo ní, "wọn ò rẹwà tó o."

"Àádọ́ta kìlómítà," mo ké tẹ̀lé e, "kí o padà wá kí n tún un mú!"
Ó juwọ́. Èéfín bo ojú ọ̀nà.
Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ Opel ní ìkòríta,
mo máa ń gbórí sókè.
Sípánà ṣì wà lórí àga, níbi tí mo fi í sí.